Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn Ara Ríro Mì: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó ti ń kọ ebè láti ìgbà èwe, tàbí tí ó ń jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún gàrí, mọ bí orúnkún ṣe ń fi ojú ẹni rí màbo nígbà tí èèyàn bá fẹ́ dìde. Aromọléegun ni a ń pe àìsàn yìí, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní làkúrègbé. Èyí tí ọjọ́ orí àti iṣẹ́ bá fà kì í sábà lọ tán, nítorí náà ọ̀rọ̀ wa dá lórí bí a ṣe lè yan oògùn ìrora tí a ń rà láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ohun tí a fi ń tọ́jú orúnkún má baà ba kíndìnrín jẹ́.

Ní oko kan tí mo dé, ìyá àgbà kan tú ìdí ìró rẹ̀, ó sì mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Hóró mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: funfun méjì, aláwọ̀ ọsàn kan, àti kápúsù kan. Kò sí orúkọ lára ìkankan. Ìyá ní, “Ọmọ mi, bí mo bá ti lò ó, ara mi á fúyẹ́.” Ojú ìyá sì ti wú roboto. Èmi kò lè sọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rá náà, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi dexamethasone tàbí prednisolone sínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, àti sínú àwọn àgbo kan pàápàá. Oògùn méjèèjì wúlò lábẹ́ àbójútó dókítà. Bí èèyàn bá ń lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, wọ́n a máa mú ojú wú, wọ́n a máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́, wọ́n sì lè fa ìtọ̀ ṣúgà.

Nítorí náà, orúkọ oògùn ni kí ẹ máa béèrè, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síwájú páálí. Ojúlówó orúkọ oògùn náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bí ojú kò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ iléèwé kan kà á fún yín, kí ó sì wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́.

Paracetamol ni ó rọ inú lọ́rùn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í mú oríkèé tí ó wú fà. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, hóró 2 tí ó jẹ́ miligíráàmù 500 ni ó tó lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó wákàtí 4 sí 6 kí a tó tún lò ó, kí gbogbo rẹ̀ má sì kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Ẹni tí ó rù, tí ń mu ọtí, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní àrùn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ apòògùn, nítorí iye tirẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú.

Ọmọ ìyá kan náà ni ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti aspirin. Lílo méjì pọ̀ nínú wọn kì í sọ ìtura di ìlọ́po méjì. Ọgbẹ́ inú ni ó ń pè wá. Aspirin àti caffeine ni ó wà nínú Alabukun, nítorí náà ẹni tí ó lo Alabukun láàárọ̀ tí ó sì gbé ibuprofen mì lọ́sàn-án ti lo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pọ̀. Ibuprofen tí a bá rà fúnra wa kò gbọdọ̀ kọjá miligíráàmù 1200 lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Ní ti piroxicam, tí àwọn àgbàlagbà wa fẹ́ràn, ó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, ewu ọgbẹ́ inú rẹ̀ sì ga. Èrò mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ra á láìrí dókítà.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín tàbí ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyíkéyìí nínú ìdílé yìí. Wọ́n a máa gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá sì pàdé lisinopril, tí í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti oògùn tí ń mú ni tọ̀, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá lára ẹni tí ó làágùn nínú oòrùn oko tí kò mu omi tó.

Bí ó bá jẹ́ orúnkún tàbí ọwọ́ ni ó ń dùn, diclofenac tí a ń fi para ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi í sójú egbò.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí èébì bá ní ẹ̀jẹ̀, bí ìtọ̀ bá dínkù, tàbí bí oríkèé kan bá ṣàdédé wú tí ó sì gbóná pẹ̀lú ibà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti LAUTECH àti ti Bowen wà nínú ìlú.

Ní ti ìyá àgbà tí ó ní ọ̀rá yẹn, mi ò ní kí wọ́n da oògùn náà nù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ti ń lo dexamethasone tàbí prednisolone pẹ́ lè dákú bí ó bá dá a dúró lójijì, nítorí ara rẹ̀, tí ó máa ń ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ti gbàgbé láti ṣe é. Ohun tí mo sọ fún ọmọ wọn ni pé kí ó mú ìyá àti ọ̀rá náà lọ bá dókítà pọ̀, kí ó má ṣe yọ hóró kankan kúrò nínú rẹ̀.