Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ìwúwo Ọkọ̀ Onígbòkun Kí Ẹ Tó Gbé E Sórí Ilẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ọkọ̀ onígbòkun sórí igi àti irin ní àkókò tí wọn kò bá lọ sójú omi. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi olówó ọkọ̀ ni pé, "Kílò mélòó ni?" Ọ̀pọ̀ wọn a ka nọ́ńbà inú ìwé tó bá ọkọ̀ wá fún mi. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ọkọ̀ òfìfo ni wọ́n sábà fi ń ṣe é: kò sí omi, kò sí epo, kò sí ẹrù kankan nínú rẹ̀.

Ẹ wo irú tọ́ọ̀nù tí ìwé náà ń sọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ kílò 1,000, ti Amẹ́ríkà jẹ́ bíi 907, ti àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ bíi 1,016. Bí ẹ bá rí "gross tonnage", ẹ fò ó. Àyè inú ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwúwo.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ẹrù. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà táǹkì lítà 200 tó kún ti fi kílò 200 kún un. Lítà dísù kan jẹ́ bíi kílò 0.84. Ṣéènì ìdákọ̀ró ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Mítà kan ṣéènì tí irin rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 10 wúwo tó bíi kílò 2.3, bó bá jẹ́ mítà 60, ó ti tó 138, imú ọkọ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀ sì kó jọ sí.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé kà: omi tó ti mu wọnú pákó abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ọ̀dà ọdún dé ọdún tí wọ́n kùn lé ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé omi ló yẹ kí ẹ bi. Ohun tó bá léfòó, ìwúwo rẹ̀ bá ti omi tó tì kúrò láyè dọ́gba. Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìsì ayé àtijọ́, ti fi èyí hàn tipẹ́. Lọ́jọ́ tí omi bá pa rọ́rọ́, kí ẹnikẹ́ni má sí nínú ọkọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ kékeré lọ wọn bí etí ọkọ̀ ṣe ga sí omi tó ní iwájú, ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi wé àwòrán ẹni tó ya ọkọ̀ náà. Ẹ má fi ìlà ọ̀dà tí wọ́n kùn síbi tí omi dé lára ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí, torí ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ máa ń gbé e sókè bí ọkọ̀ bá ti ń rì sílẹ̀.

Ká ní ojú ìlà omi gùn ní mítà 8, ó sì fẹ̀ ní 2.5. 8 lọ́nà 2.5 jẹ́ 20. Ẹ mú bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, torí imú ọkọ̀ ṣóńṣó: ó tó mítà onígun mẹ́rin 13.3. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí 13.3 yẹn jẹ́ lítà omi 133. Nínú omi òkun, tó wúwo díẹ̀ ju omi tí kò níyọ̀ lọ, sẹ̀ǹtímítà kan tí irú ọkọ̀ yìí bá fi rì sí i jẹ́ bíi kílò 137. Bó bá fi 5 rì ju ti àwòrán lọ, ẹ fi bíi 680 kún nọ́ńbà tí àwòrán náà fún un. Tó bá jẹ́ omi odò tí kò níyọ̀ ni, ọkọ̀ náà á rì díẹ̀ sí i láìjẹ́ pé ìwúwo rẹ̀ yí padà, nítorí náà ẹ mọ omi tí ẹ wà.

Bí kéréènì tó ń gbé e bá ní ìwọ̀n, òun ló dára jù. Ẹ dúró kí omi ara rẹ̀ ro tán, kó sì ṣíwọ́ mímì, kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì yọ ìwúwo okùn agbẹ́rù kúrò. Bó bá jẹ́ orí tírélà ló wà, ẹ wọn méjèèjì pa pọ̀, ẹ wá wọn tírélà nìkan. Ẹ tú u kúrò lára mọ́tò o! Bí ẹ kò bá tú u, mọ́tò á gbà nínú ẹrù náà, nọ́ńbà á sì dín.

Nílẹ̀, kíìlì, ìyẹn apá abẹ́ ọkọ̀ tó yọ sísàlẹ̀, ló gbọ́dọ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà. Irin ẹ̀gbẹ́ kàn ń dì í mú kó má ṣubú ni. Ẹ ṣí ihò ìdí ọkọ̀ sílẹ̀, torí lítà 300 omi òjò tó bá dúró sínú rẹ̀ á sọ gbogbo ìṣirò yìí di òfo.