Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ní abà: ọwọ́ ara wa la fi ń pe ejò wá sílé adìyẹ

Bí ejò bá wọlé tàbí tí adìyẹ bá kú, igbó la máa ń dá lẹ́bi. Ní abà wa lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí a ti ń wo òkè Olósùnta láti ẹnu ọ̀nà, mo ti rí i pé àwa la ń fa èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ má kó igi ìdáná jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ. Àgbàdo tí adìyẹ tú dànù ni èkúté ń wá ṣà lóru, èkúté ni ejò ń wá, abẹ́ igi sì ni àwọn méjèèjì ń fara pamọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi gbé igi kan, paramọ́lẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ká jọ bí òṣùká, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ gẹ́lẹ́. Kò sá. Paramọ́lẹ̀ kì í sábà sá fún èèyàn, yóò dúró jẹ́ẹ́ títí ẹsẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jáde lóru láìwọ bàtà, láìmú tọ́ọ̀ṣì dání.

Tó bá ṣèèṣì bu èèyàn ṣán, ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣe àṣìṣe tó ń gba ẹ̀mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Okùn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ tí à bá wò sàn a sì kú mọ́ èèyàn lára. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó wú, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ náà kó má mira, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Bí ẹnìkan ṣe ń wá ọ̀kadà, kí ẹlòmíràn fi fóònù béèrè bóyá oògùn oró ejò wà níbẹ̀. Ẹ má lé ejò náà kiri.

Adìyẹ tí ẹ rà lọ́jà, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti ilé lọ́jọ́ náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ọrùn wọn ti ń lọ́, ìgbẹ́ wọn tutù yọ̀yọ̀ bí ewé: àrùn adìyẹ tí a ń pè ní lúkúlúkú ni. Mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń fi yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí, a sì ń gba àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lóró fún ewúrẹ́, pàápàá ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹ sá a kó gbẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni májèlé tí a ń pò mọ́ àgbàdo nítorí òkété. Òkété kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ajá yóò rí i jẹ, ẹlòmíràn á gbé e sórí iná fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òwìwí náà ń jẹ ẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń bá wa pa èkúté lóru láìgba kọ́bọ̀. Pàkúté àti èbìtì ṣì wà. A sì tún ń pa òwìwí torí pé wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Èyí tó ń ké lórí ìrókò lẹ́yìn abà wa, bàbá mi kò jẹ́ kí ọmọ kankan sọ òkò lù ú mọ́.