Lẹ́tà u kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n sanwó bánà lẹ́ẹ̀mejì

₦9,000 ni mo ná lórí bánà tí kò yẹ kó gbà ju ₦4,500 lọ, lẹ́tà u ló sì fà á. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ nílé mi n'Íbàdàn. Sípẹ́lì ló ń dà wọ́n láàmú jù, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọmọ tó mọ Yorùbá kọ mọ̀ pé bí a bá ṣe pè é la ṣe ń kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pe "facetious" sí ọmọ létí, "fasíṣọ̀s" ló máa gbọ́, fáwẹ̀lì mẹ́ta péré. Lórí ìwé, márùn-ún ló wà níbẹ̀: a, e, i, o, u, wọ́n sì tò tẹ̀léra bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní màá ṣa ogún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí fáwẹ̀lì márààrún wà nínú wọn, tí kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì tẹ̀ wọ́n sórí bánà. Bí ọmọ bá kọ ọ̀kan nínú wọn tán, kó fi ìka wá a, e, i, o, u nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá rí, ó ti fò ó nìyẹn.

Díkíṣọ́nárì ni mo fi ṣa ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, inú mi sì dùn sí ohun tí mo rí. "Facetious" ni ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti ṣẹ̀fẹ̀. "Abstemious" ni ẹni tí kì í jẹ àjẹjù, tí kì í mu àmujù. Fáwẹ̀lì tirẹ̀ náà tò láti a dé u. Ẹ fi "ly" kún ìdí àwọn méjèèjì, y náà á tò sẹ́yìn u. "Subcontinental" ló wá yà mí lẹ́nu jù. Lẹ́tà 14 ni, ẹ̀yìn ló sì ti ń bọ̀: u, o, i, e, a. Ohun tó bá jẹ mọ́ agbègbè Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ náà júwe. "Uncomplimentary", ọ̀rọ̀ tí kò yẹ́ni sí, ṣe bákan náà. "Pneumonia" ni òtútù àyà, tòun ti p tí ẹnikẹ́ni kì í pè. "Sequoia" ni igi California tó ga ju gbogbo igi ayé lọ. Mo fi "tambourine", "cauliflower", "precaution" àti "reputation" sí i. Mo wá fi méjì tí mo fẹ́ràn jù kún un: "behaviour", tó jẹ́ ìwà, àti "favourite", tó jẹ́ ààyò.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan lórí WhatsApp, mo sanwó, mo gba bánà lọ́jọ́ kejì, mo gbé e kọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí wọ́n máa jáde wá ka fáwẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ọmọbìnrin kan tó wà ní Praimárì 5. Ó fìka tọ "behaviour" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tún un tọ̀, ó ní, "Anti, mi ò rí u o." Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó ní òun ti wò ó. Mo dìde, mo sún mọ́ ọn. "Behavior" ni wọ́n tẹ̀. Mo yíjú sí ìsàlẹ̀, "favorite" náà ti pàdánù u tiẹ̀. Ara mi gbóná. Bánà tí mo ṣe torí pé kí fáwẹ̀lì má baà sọnù, òun gan-an ni fáwẹ̀lì sọnù nínú rẹ̀!

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ ní, "Ẹ má bínú mà, kọ̀ǹpútà ló fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀, mo rò pé ẹ ṣì í kọ ni." Kó tiẹ̀ pè mí kó bi mí, kò ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà wọn ń lò. Noah Webster, tó ṣe díkíṣọ́nárì ńlá fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1828, wà lára àwọn tó ní kí wọ́n yọ u kúrò nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti Bìrìtìkó ni wọ́n fi kọ́ wa ní tiwa, u kò sì kúrò níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A fa ọ̀rọ̀ náà tó wákàtí kan. Mo fẹ́ borí, àfi bí ọ̀gá wọn ṣe mú bánà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo rẹ̀. Ó dé orí "mountaineer", ẹni tó ń gun òkè, ó ní, "Anti, e méjì ló wà níbí." Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ìyẹn. Ẹnu mi wọhò, mo sanwó.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró ti ọmọkùnrin náà. Mo ní kó lọ síbi tí wọ́n ti ń yan èdè, kó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtìkó. Lójú mi báyìí ni ìlà pupa fi parẹ́ lábẹ́ "behaviour" àti "favourite". Bí ẹ bá fẹ́ tẹ irú nǹkan yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyẹn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọdé ka ọ̀rọ̀ yín kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ojú wọn mú ju tiwa lọ.

"Mountaineer" ti kúrò, ọ̀rọ̀ ku mọ́kàndínlógún, àyè kan sì ṣófo nísàlẹ̀ bánà. Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ Praimárì 5 yẹn gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi, ó fìka lé ẹ̀yìn rẹ̀: "education". A jọ kà á: e, u, a, i, o. Mo mú máákà, mo kọ ọ́ sí àyè tó ṣófo náà.