Bẹ́ ẹ ṣe lè tú nọ́mbà ńlá palẹ̀: ẹ jẹ́ ká fi 720720 ṣe é

Téèyàn bá kọ́kọ́ rí 720720 ó lè fẹ́ sá, àmọ́ nọ́mbà yìí ò lágídí rárá, bírò àti ìwé ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ẹ̀. Òdo ló fi parí, torí náà 10 pín in, ìyẹn ni pé 2 àti 5 ti wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ pé bóyá práìmù ni (nọ́mbà tó jẹ́ pé 1 àti ara ẹ̀ nìkan ló lè pín in) ti tán nìyẹn. Ẹ wá ro àwọn fígọ̀ inú ẹ̀ pọ̀, 7+2+0+7+2+0, 18 ni, 9 pín 18 geerege, torí náà 9 máa pín gbogbo ẹ̀. Kódà 18 fúnra ẹ̀ pín in, 40040 ló bọ́ sí, irú nọ́mbà tí àròpọ̀ fígọ̀ ẹ̀ lè pín in báyìí ni wọ́n ń pè ní Harshad.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé o. Ṣé ẹ rí i pé 720 ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì? Fígọ̀ mẹ́ta yòówù tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra wọn, 1001 gbọ́dọ̀ pín in, torí 720 lọ́nà 1000 jẹ́ 720000, ẹ wá fi 720 kan sí i lórí, 720 lọ́nà 1001 nìyẹn. 1001 yẹn sì rèé, 7 × 11 × 13 ni! Àwọn mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í fẹ́ fi pín nǹkan ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dán an wò lára 358358, kò ní yẹ̀.

Ó ku 720. Ẹ máa fi 2 gé e, 360, 180, 90, 45, ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn, 45 sì jẹ́ 3 × 3 × 5. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ:

720720 = 2⁴ × 3² × 5 × 7 × 11 × 13

Inú ìlà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo èyí tó kù wà. Nọ́mbà mélòó ló lè pín in láìṣẹ́kù? Ẹ fi 1 kún páwà kọ̀ọ̀kan (fígọ̀ kékeré tó wà lókè, èyí tí kò bá ní, 1 ni páwà ẹ̀) kẹ́ ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2, 240. Ìdí tá a fi ń fi 1 kún un ni pé tá a bá ń mú 2, a lè máà mú rárá, a lè mú ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. Kò sí nọ́mbà tó kéré sí 720720 tó ní tó 240, highly composite ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, Ramanujan, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, kọ̀wé nípa wọn lọ́dún 1915.

Ṣé skúẹ̀ ni, ìyẹn nọ́mbà odidi kan lọ́nà ara ẹ̀? Rárá, páwà gbogbo gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì, 5, 7, 11 àti 13 ló bà á jẹ́. Ẹ fi 5005 sọ ọ́ di púpọ̀, á di 60060 lọ́nà 60060.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ro gbogbo 240 yẹn pọ̀, 2⁴ máa fún yín ní 1+2+4+8+16 tó jẹ́ 31, 3² máa fún yín ní 13, àwọn tó kù ẹ kàn fi 1 kún wọn: 31 × 13 × 6 × 8 × 12 × 14, 3249792 ni. Ẹ yọ 720720 fúnra ẹ̀ kúrò, torí ó wà lára 240 yẹn, ó ku 2529072, ó ṣì ju nọ́mbà náà lọ dáadáa, torí náà abundant ni. Ká ní ó bá a dọ́gba bíi ti 6 (1+2+3) ni, perfect là bá pè é, tó bá kéré, deficient. Ìsọdipúpọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kàkúlétọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.