Bí a ṣe ń ṣe ibi ìṣeré àti òjò àtọwọ́dá fún àwọn ọmọdé nínú àgbàlá

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, tí ooru bá mú ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ọgbà Agodi kí wọ́n lè fi omi ṣeré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí a bá ro owó ọkọ̀, owó ìwọlé àti owó oúnjẹ ọmọ mẹ́rin pọ̀, kì í ṣe ohun téèyàn lè máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tàbí ìdílé mẹ́ta sí mẹ́rin tó ń gbé ojúlé kan náà tí wọ́n sì dáwó jọ, lè ṣe tiwọn: kòtò yanrìn, táyà tí àwọn ọmọ á máa gùn, àti páìpù tó ń rọ òjò. Bíríkìlà kan, káfíńtà kan àti plọ́ńbà kan lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, láìka ọjọ́ méje tí a máa fi rọ kọnkéré lómi.

Ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rà. Àṣìṣe ni. Ohun méjì ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá: ibi tí ọmọ máa bọ́ sí nígbà tó bá ṣubú, àti ọ̀nà tí omi máa gbà lọ. Ilé tí kò bá tíì lè ṣe méjèèjì yìí, kó má tíì ra táyà.

Ẹ kọ́kọ́ yan ilẹ̀

Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24 ní gígùn àti 15 ní ìbú ti tó. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 8 sílẹ̀ fún òjò, 6 sí 6 fún yanrìn, kí ẹsẹ̀ bàtà 6 sì wà láàárín méjèèjì. Àlàfo yẹn ṣe pàtàkì: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù tó bá sáré wọ inú yanrìn á kó yanrìn náà padà sábẹ́ òjò, yanrìn yẹn ni yóò sì dí ojú gọ́tà.

Ẹ má ṣe é sórí sọ́kàwéè tàbí ihò ṣalángá láé. Kọnkéré tí wọ́n fi dé e lè ti jẹra láti abẹ́ kí òkè rẹ̀ ṣì máa dán. Tí ẹ ò bá mọ ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ẹ bi onílé kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Kànga inú àgbàlá gbọ́dọ̀ ní ìdérí irin àti àgádágodo, pákó tí wọ́n kàn gbé lé e kò tó. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ nítorí èéfín, sí ibi tí mọ́tò ti ń rìn sẹ́yìn, àti sí wáyà iná.

Abẹ́ igi máńgòrò dára fún òjìji, ṣùgbọ́n ẹ wo òkè dáadáa kí ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbẹ, kí ẹ sì wo ìdí igi náà bóyá ìjàlọ ń tọ̀ níbẹ̀. Tí igi kò bá sí, ẹ wo ibi tí òjìji ilé máa ń ṣú sí láti aago mẹ́ta ọ̀sán lọ. Àkókò tó yẹ kí àwọn ọmọ máa ṣeré nìyẹn.

Kòtò yanrìn

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6, kó jìn ní íǹṣì 15. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì 3, kí omi òjò lè rí ibi rìn sí. Ẹ ya àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, ẹ tẹ́ ẹ lórí òkúta náà, nítorí àpò náà á jẹ́ kí omi kọjá láìjẹ́ kí yanrìn àti òkúta pò mọ́ra wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da yanrìn sí i ní íǹṣì 12. Bárò 16 ni yóò gbà, tí ẹ ò bá bu bárò náà kún jù.

Yanrìn odò tí wọ́n ti jọ̀ ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé máa ń ní amọ̀ nínú. Tí omi bá kàn án tí oòrùn sì pa á, á le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, kí ẹ wá la ọwọ́ yín. Tó bá dì bí ẹ̀bà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ìdí tí a fi ní kó jìn tó báyìí ni pé àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà, CPSC, sọ pé yanrìn tó jìn ní íǹṣì 9 lè dáàbò bo ọmọ tó já bọ́ láti ibi tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Yanrìn máa ń wọlẹ̀, ọmọ á sì máa gbọ́n ọ́n jáde. Íǹṣì 12 lónìí lè ti di 9 kí ọdún tó parí.

Ẹ fi pákó yí ẹnu rẹ̀ ká, kí ẹ fi ayùn gé etí rẹ̀, kí ẹ sì fi sáńpépà rá a títí kò fi ní í gún ọwọ́ mọ́. Ẹ ra tapólì tó máa bò ó lálẹ́. Ológbò kan ṣoṣo tó bá sọ yanrìn náà di ilé ìgbẹ́ rẹ̀ ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Táyà

Fọkanáísà máa ń ní táyà tí kò wúlò mọ́. Ẹ yan mẹ́fà, ti ọkọ̀ kékeré, oní-íǹṣì 14. Ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ ra inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ yípo. Tí wáyà tín-tìn-tín bá ti yọ jáde níbìkan, ẹ kọ̀ ọ́, nítorí wáyà yẹn máa ń ya ẹsẹ̀ ọmọ bí abẹ. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ èyí tó dára títí dúdú rẹ̀ kò fi ní í máa ràn mọ́ aṣọ.

Ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìdúró, ní ọ̀kánkán ara wọn, kí ìdajì wà nínú ilẹ̀, kí ìdajì tó yọ sókè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 1 sáàárín wọn. Kí ẹ tó rì wọ́n, ẹ lu ihò mẹ́ta sí ibi tó máa wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi yanrìn dí inú táyà náà gírígírí. Tí ẹ ò bá ṣe èyí, omi òjò á dúró sínú táyà, ẹ̀fọn á sì yé ẹyin sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin náà lè ti di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ọ̀pọ̀ òbí á béèrè jáńgílófà. Ó wù wá pé kí ọmọ ní in, ṣùgbọ́n ẹ wọn ilẹ̀ yín. Tí igi tí wọ́n so ó kọ́ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹsẹ̀ bàtà 12 gbọ́dọ̀ ṣófo níwájú, kí 12 míì ṣófo lẹ́yìn, kí yanrìn sì wà ní gbogbo ibẹ̀. Àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé kò gba ìyẹn. Jáńgílófà tó súnmọ́ fẹ́ǹsì ni ẹsẹ̀ ọmọ máa ń gbá mọ́ bíríkì. Ẹ jẹ́ kí táyà tí a rì mọ́lẹ̀ tó. Tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe àkàbà tàbí ọgbà kékeré yí ibẹ̀ ká, kí àlàfo kankan má wà láàárín pákó tó ju íǹṣì 3 àbọ̀ lọ tí kò sì tó íǹṣì 9. Ara ọmọdé lè gba ibẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ ni kò ní í lè kọjá.

Ilẹ̀ tí òjò máa rọ̀ sí

Koríko á di ẹrẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Táìsì ń yọ̀ bí ilá, ẹ má dán an wò. Kọnkéré ló dára jù: ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 8, kó nípọn ní íǹṣì 3. Sìmẹ́ńtì àpò 3, yanrìn bárò 3 àti gíránáìtì bárò 6 ni yóò gbà.

Kí bíríkìlà tó dà á, kó rì òpó méjì tó máa gbé páìpù òjò mọ́lẹ̀, igi túù-báì-fọ́ọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9, tí ẹsẹ̀ bàtà 2 ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gba ọ́ìlì dúdú nítorí ikán. Kí òpó kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Kí ilẹ̀ náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju tòkè lọ ní íǹṣì 2. Ẹ gbẹ́ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, kó gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí gọ́tà lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fẹ́ràn jù, nítorí omi mímọ́ ni, kò yẹ kó ṣòfò.

Nígbà tí kọnkéré náà bá ń dì tí kò tíì le, kí bíríkìlà fi ìgbálẹ̀ gbá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà ìgbálẹ̀ yẹn ló máa di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Bíríkìlà tó fẹ́ràn iṣẹ́ tó ń dán á fẹ́ fi tírówẹ̀lì dán an. Ẹ dúró tì í kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rọ ọ́ lómi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje.

Páìpù òjò

Ohun tí plọ́ńbà máa rà kò pọ̀: páìpù PVC (páìpù oníke) tó nípọn, ¾ íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà 14, ẹ́líbò méjì, kọ́ọ̀kì kan, ìdérí kan tó ń yí tó sì ṣeé tú, gọ́ọ̀mù, kílíìpù mẹ́jọ, àti rọ́bà ¾ íǹṣì tó máa so ó mọ́ ẹ̀rọ omi, kó má gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ. Omi láti inú táǹkì orí òpó la ń lò. Ìsàlẹ̀ táǹkì náà yẹ kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Tó bá rẹlẹ̀ ju 9 lọ, omi á kàn máa kán ni.

Ẹ gbé páìpù ẹsẹ̀ bàtà 7 dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, kí ẹsẹ̀ bàtà 6 sùn sórí láti òpó dé òpó, kí èyí tó kù wà nísàlẹ̀ níbi tí rọ́bà máa wọ̀. Kọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sókè, ibi tí ọwọ́ àgbà tó tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Ẹ fi sáńpépà rá ẹnu páìpù, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ tì í wọlé pẹ̀lú ìyíbírí díẹ̀, kí ẹ dì í mú títí ẹ ó fi ka 30. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí omi sí i.

Ihò lílù ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹ lu ihò 24 sí èyí tó sùn, kí íǹṣì 3 wà láàárín ihò kan sí èkejì. Dírìlì olójú mílímítà 2 ni kí ẹ lò. Kí àwọn kan kọjú sísàlẹ̀ gan-an, kí àwọn míì tẹ̀ díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, kí òjò náà lè fẹ̀. Àwọn plọ́ńbà kan á fẹ́ fi ìṣó gbígbóná lu ú. Ẹ má gbà: ihò ìṣó máa ń tóbi jù, ẹnu rẹ̀ á sì yọ ètè sínú. Ihò mílímítà 4 kì í ṣe ìlọ́po méjì ti 2, omi tó ń gba ibẹ̀ jáde tó ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà náà, gbogbo ihò náà pa pọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ẹnu páìpù fúnra rẹ̀. Àwọn ihò ìbẹ̀rẹ̀ á gba gbogbo omi, àwọn ti ìparí á máa kán tó, tó, tó.

Kí ẹ tó fi ìdérí dé e, ẹ ṣí omi fún ìṣẹ́jú kan kí èérún páìpù tí dírìlì gé lè ṣàn jáde. Ẹ wá dé e, kí ẹ sì wò ó. Ihò tí kò bá rọ̀, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀ dáadáa, lítà 12 sí 15 ló máa jáde ní ìṣẹ́jú kan. Òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́fà lọ, táǹkì lítà 1,000 sì lè rọ̀ ọ́ ju wákàtí kan lọ.

Lọ́jọ́ eré

Ẹ pọn omi kún táǹkì láàárọ̀, kí ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Kò yẹ kí wáyà iná kankan wà nílẹ̀ nígbà tí omi bá ń ṣàn.

Kí ọmọ tó wọlé, kí àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba omi náà. Táǹkì dúdú àti rọ́bà tó sùn sínú oòrùn láti àárọ̀ máa ń mú kí omi àkọ́kọ́ gbóná débi tó lè jó ọmọ ní awọ. Ẹ jẹ́ kó ṣàn títí á fi tutù. Omi tó ń rùn tàbí tó pọ́n, ẹ má lò ó, nítorí ọmọ á lanu gbà á ni. Ọmọ tó ń ṣunú, kó dúró sílé títí ara rẹ̀ á fi yá.

Ọmọ mẹ́rin ni kó wà lábẹ́ òjò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò tó ọdún márùn-ún kọ́kọ́ ṣe tiwọn, kí àwọn àgbà ọmọ má baà gbá wọn lulẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, kí wọ́n bọ́ sí òjìji kí wọ́n mu omi. Kí àgbàlagbà kan jókòó síbi tó ti ń rí gbogbo wọn, kó sì fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ má gbé bàsíà tàbí garawa olómi sítòsí. Omi tí kò ju íǹṣì 2 lọ lè pa ọmọ tó dojú dé e, kò sì ní í pariwo. Tí àrá bá sán, gbogbo wọn wọlé. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí páìpù sinmi, kí wọ́n lo yanrìn àti táyà.

Nírọ̀lẹ́, ẹ pa kọ́ọ̀kì, ẹ tú ìdérí ẹ̀gbẹ́, kí omi tó kù inú páìpù jáde tán, kí ẹ ká rọ́bà wọlé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ fọ kọnkéré kí èéhù tútù má hù sójú ìlà ìgbálẹ̀, kí ẹ ro yanrìn láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ẹ sì fi igi wọn jíjìn rẹ̀. Tó bá ti kù ní íǹṣì 9, ẹ ra bárò mẹ́rin sí i.