Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Gírámafóònù Àtijọ́ Mọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Díye Lé E

Ìwo ńlá tó ń dán ni ojú máa ń kọ́kọ́ bà lé, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀. Ẹ yọ ìwo àti orí abẹ́rẹ́ kúrò, ẹ fi àpótí dùbúlẹ̀ sórí aṣọ rírọ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti inú rẹ̀.

Sukúrù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí, ilà kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí sukúrù. Àwọn ọdún 1930 ni èyí tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú tó délé ọjà. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tàbí méjì lára ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní ti 1905, a jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe rí. Bó bá jẹ́ òun ló kún gbogbo ara rẹ̀, ayédèrú ni.

Ẹ wo igi náà lápá ibi tí fánísì kò dé. Ọjọ́ orí máa ń sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi pa igi tuntun láró kì í wọlé síbi ihò sukúrù. Ihò tí kò ní iṣẹ́ kankan fi hàn pé ẹ̀ńjìnnì mìíràn tàbí ọrùn ìwo mìíràn ti wà níbẹ̀ rí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè kọrin dáadáa, ṣùgbọ́n àkójọpọ̀ ni, kò sì yẹ kó gba iye ojúlówó.

Ayédèrú tó wọ́pọ̀ jù ni àpótí onígun mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, pẹ̀lú ìwo idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwòrán ajá tó ń gbọ́ ìwo, àti ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n tú lára gírámafóònù alágbèéká. Irin tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ ìwo gidi ti Victor, ilé iṣẹ́ gírámafóònù ti Amẹ́ríkà tó lo àmì ajá yẹn, àwọn kan sì jẹ́ igi. Ẹ wá àwo irin kékeré tó ní irú ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà rẹ̀. 1901 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Victor sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ Victor tí wọ́n bá pè ní ti 1895, irọ́ ni.

Ẹ̀rọ Edison tó ń lo sìlíńdà, ìyẹn rẹ́kọ́ọ̀dù tó rí bí agolo, gba àkíyèsí tirẹ̀. Sìlíńdà ìṣẹ́jú méjì ní ọgọ́rùn-ún ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ nínú íǹṣì kan. Ti ìṣẹ́jú mẹ́rin, tó jáde ní 1908, ní igba. Orí abẹ́rẹ́ tó ní lẹ́tà C wà fún ti ìṣẹ́jú méjì, H fún mẹ́rin, K fún méjèèjì. Bí ẹ bá gbé C lé ti ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ipa náà lọ, yóò sì jẹ ẹ́. Bákan náà, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ irin kan Diamond Disc rárá, àwo nínípọn tí Edison gbé jáde ní 1912. Dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ rọra yí ọwọ́ gírámafóònù náà. Bí kò bá tako yín rárá, sípíríǹgì ti já tàbí ó ti yọ níbi tó so mọ́. Bó bá ń ró gbì láàárín orin, gíríìsì ló ti gan. Fi ìwé pélébé sábẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù 78 kí ẹ ka iye ìgbà tó yí ní ìṣẹ́jú kan: ó yẹ kó tó nǹkan bíi 78, kó sì rí bẹ́ẹ̀ títí orin yóò fi parí. Ohùn tó ń gbọ̀n gbùrùgbùrù kò yẹ kó já iye rẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀: rọ́bà tó yí máíkà (awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n nínú orí abẹ́rẹ́) ká ló sábà máa ń gan, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni àdàlù irin sínkì tó ti wú, tó sì sán, nítorí kò ṣeé lẹ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ ọ́ di olówó iyebíye. Victrola, ẹ̀rọ Victor tí ìwo rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti 1906, pọ̀ jọjọ, nítorí náà èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn kì í wọ́n. Èyí tí ìwo rẹ̀ wà níta, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ wá láti ilé iṣẹ́, ló máa ń wọ́n. Fánísì àtilẹ̀wá tó ti ṣá dára ju èyí tí wọ́n họ, tí wọ́n tún kùn lọ. Ẹ má sì fi sípírítì nù ún, torí ó lè yọ́ ọ. Iye tí irú rẹ̀ gan-an ti tà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe iye tí olùtajà ń pè.