Ẹ Má Tíì Lọ Ra Bẹ́árìn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Mọ́tò Bá Ń Pariwo

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé Corolla 2005 rẹ̀ wá bá mi láti Òjòó. Kí n tó kí i tán, ó ti ṣí búùtù. Bẹ́árìn tòkúnbọ̀ méjì, irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí geere, wà níbẹ̀, tọ̀tún tòsì, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá bí ẹni ra ẹja. "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi fi wọ̀ ọ́." Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé bẹ́árìn ni. Ó ní ẹnì kan tí òun gbé lọ́nà ló gbọ́ ariwo náà, onítọ̀hún sì mọ ọkọ̀ dáadáa. Mo jáàkì ọkọ̀, mo fọwọ́ ra ojú táyà ẹ̀yìn: ó rí gbágungbàgun bí eyín ayùn. Ṣọ́ọ̀kì tó ti rọ, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò, ló bá táyà jẹ́, táyà ló ń ké. Bẹ́árìn rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún un ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ n'Ìbàdàn, ò sì gbà á padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi.

Èkínní: ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó jáàkì ọkọ̀. Ariwo inú ọkọ̀, òpùrọ́ ni. Irin máa ń gbé ohùn rìn. Ẹsẹ̀ iwájú lè máa ké kí ẹ máa gbọ́ ọ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bẹ́árìn tó ń kú lọ máa ń dún hùùù, bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń le sí i, ẹ tẹ búréèkì o, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti ṣófo, ẹ sáré níwọ̀nba, kí ẹ rọra yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, kí ẹ tún yí i sósì. Tẹ́ ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, apá òsì ni ọkọ̀ ń fì sí, ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé ẹrù. Bí ariwo bá le sí i nígbà yẹn, òsì ni kí ẹ fura sí.

Èmi náà ti gbé èyí sódì rí. Ọdún tí mo ṣe fíríídọ̀mù, mo gbọ́ ariwo lápá ọ̀tún, mo pààrọ̀ tọ̀tún, mo gbowó, oníbàárà lọ. Kò tíì dé ìyànà tó fi ṣẹ́rí padà. Tòsì ni. Àpò ara mi ni mo fi ra èkejì, àwọn ẹgbẹ́ mi sì fi mí joyè Ọ̀tún Mẹkáníìkì. Wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé.

Tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ fi òkúta há ẹsẹ̀ iwájú, ẹ jáàkì ẹ̀yìn, ẹ gbé e lé sítáǹdì, ẹ sọ háńdì búréèkì kalẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan yí ẹsẹ̀ náà, kí ọwọ́ kejì di sípíríǹgì mú. Bẹ́árìn tó ti bàjẹ́ á máa gbọ̀n sí yín lọ́wọ́ bí ìgbà téèyàn fọwọ́ lé ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fura sí táyà, ẹ gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Tí ariwo bá bá a lọ síwájú, ẹ ti rí olè. Kò gbà ju àkókò tẹ́ ẹ fi ń ná bẹ́árìn lọ.

Èkejì: tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì ló ń dún bí ọlọ tí kò sí ata lórí rẹ̀, irin ti ń jẹ irin nìyẹn, ẹ má wà á lọ síbì kankan mọ́.

Ẹ̀kẹta: ariwo tó bẹ̀rẹ̀ lójijì lẹ́yìn ọ̀nà olókùúta. Tí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín bá jẹ́ oníbúréèkì dísìkì, ẹ wo páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn dísìkì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Mo ti yọ òkúta tí kò ju ẹ̀wà lọ níbẹ̀ rí, fún ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ páàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ti háńdì búréèkì ńkọ́? Ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta nígbà òjò, tẹ́ ẹ sì fa háńdì sókè, á dípẹtà, á ha tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹ tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀, á lọ. Bí kò bá lọ, tí ẹsẹ̀ kan sì gbóná ju ìkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà háńdì ló há. Ẹ má fọwọ́ kan án o. Ẹ kàn gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn.

Ẹ má fi hámà gbá bẹ́árìn tuntun wọlé. Corolla tí mo ń wí yìí, ọ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ mọ́, àti bẹ́árìn, ẹyọ kan ni, bóòtù mẹ́rin ló dè é. Kí lẹ wá ń gbá? Ojú ọ̀nà tí góòlì inú rẹ̀ ń gbà yí lẹ ń bàjẹ́, tó bá tún bẹ̀rẹ̀ ariwo, ẹ ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú dúrọ́mù búréèkì. Asbestos, eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà níbẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ ṣúù búréèkì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ má sì fi girísì pa ojú ṣúù kí ariwo lè dákẹ́. Á dákẹ́ lóòótọ́. Búréèkì náà á sì dákẹ́.

Ẹ̀yin oní-Hiace, tiyín tún ní dífù lẹ́yìn, ìyẹn jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Tó bá ń ké tẹ́ ẹ bá tẹná, tó sì rọlẹ̀ tẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ yẹ oílì dífù wò.

Bẹ́árìn ọkùnrin Òjòó yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ǹṣì mi. Ó ní tí mo bá rí ẹni tó ń wá a, kí n bá òun tà á. Lọ́jọ́ Sátidé ó pè mí: ariwo míì ti ń wá láti iwájú, ó sì ti wà ní Gate.